Òṣèré Tí Kò Gbà Láti Kú

Ìwé ìròyìn kékeré kan ní àdúgbò wa ní Houston gbé e jáde pé bàbá àgbà mi ti kú, wọ́n sì pè wọ́n ní òṣèré fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ Òkè-Àdó, ní Ìbàdàn, ni bàbá àgbà mi. Òótọ́ ni pé wọ́n pẹ́ gan-an ní Lọ́ńdọ̀nù, òótọ́ ni pé ìwé ìrìnnà àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló wà lọ́wọ́ wọn, bí wọ́n bá sì ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, àwọn ará Texas máa ń rò pé mọ̀lẹ́bí ọba Gẹ̀ẹ́sì kan ló fẹ́ mọ ìgbà tí ilé ìtajà máa tì. Ṣùgbọ́n ọmọ Gẹ̀ẹ́sì kẹ̀? Bí Bàbá bá wà láyé ni, wọn ì bá gé ìwé ìròyìn náà, wọn ì bá lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì, kí wọ́n lè máa rí nǹkan rẹ́rìn-ín sí nígbàkígbà tí òùngbẹ bá ń gbẹ wọ́n.

Mi ò ní sọ ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mi ò mọ̀ ọ́n tán, ẹni tó mọ̀ ọ́n tán sì ti lọ. Ohun tí mo mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń rìn, bí wọ́n ṣe ń bínú, àti ohun kan ṣoṣo tí wọ́n kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn ò ní ṣe níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán. Yorùbá tí mo fi ń kọ ọ́ yìí, ọwọ́ wọn ni mo ti gbà á, nítorí náà bí àṣìṣe bá wà níbẹ̀, ẹ bá àwọn wí.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà tí wọ́n wá bá wa gbé. Ìyá àgbà mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ní Lọ́ńdọ̀nù nígbà náà, Mọ́mì mi, tó jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì bí, sì ní òun ò lè máa ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Houston, kí òun máa tọ́jú bàbá olóbàbá, kí bàbá tòun wà nínú òtútù láìrí ẹni bá sọ̀rọ̀. Bàbá dé pẹ̀lú àpótí méjì. Aṣọ wà nínú ọ̀kan, fìlà àti àkẹtẹ̀ ló kún inú èkejì.

Àjọkẹ́ lorúkọ mi, Jọkẹ́ ni wọ́n sì fi sílẹ̀ fún iléèwé, láìsí àmì lórí, láìsí àmì lábẹ́. Ẹni tó bá mọ Gẹ̀ẹ́sì á ti mọ ibi tí mò ń lọ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ní kíláàsì kẹta, tíṣà pe orúkọ mi bí ìgbà tí èèyàn bá ń pe àwàdà ní Gẹ̀ẹ́sì, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá wọn rẹ́rìn-ín kí wọ́n má baà mọ̀ pé ó dùn mí. Mo délé, mo sọ fún Bàbá pé Jennifer ni mo fẹ́ máa jẹ́. Wọn ò bá mi jà. Wọ́n ní kí n dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, kí n pe orúkọ ara mi. Mo pè é. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́. Wọ́n jáde lọ sí bálíkónì, wọ́n ti ilẹ̀kùn gíláàsì, wọ́n sì ń fọwọ́ ṣe àpèjúwe pé kí n tún un pè. Mo pariwo rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin tó ń gbé nísàlẹ̀ wa fi fi ìgbálẹ̀ gbá àjà rẹ̀. Bàbá wọlé padà, inú wọn dùn. "Orúkọ ẹ kì í ṣe àwàdà," ni wọ́n wí. "Ẹnu wọn ni ò tíì débẹ̀. Dúró dè wọ́n."

Bàbá kì í jókòó kalẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé. Wọ́n á wọ kóòtù, wọ́n á so táì, wọ́n á ní kí Dádì mi gbé àwọn lọ sí Galleria, ilé ìtajà ńlá kan. Dádì ò fẹ́ràn ìrìn náà rárá. Iléeṣẹ́ kẹ́míkà ní La Porte ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, orí freeway ni wọ́n sì ń wà láti ọjọ́ Ajé títí di ọjọ́ Ẹtì. Bí a bá débẹ̀, Bàbá ò ní ra nǹkan kan. Wọ́n á jókòó lórí bẹ́ǹṣì lókè ibi tí àwọn èèyàn ti ń fi bàtà onírin yọ̀ lórí yìnyín, wọ́n á máa wo ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá. Nígbà tí a bá padà délé ni a óò tó rí ohun tí wọ́n lọ ṣe. Wọ́n á dìde láàárín pálọ̀, wọ́n á di ìyàwó olówó tí bàtà ń há mọ́ lẹ́sẹ̀ tí kò fẹ́ kí ọkọ òun mọ̀. Wọ́n á di ọkùnrin tó ti gbàgbé ibi tó páàkì mọ́tò sí, tó sì ń rìn kíákíá kí àwọn ọmọ rẹ̀ má baà fura. Mọ́mì á rẹ́rìn-ín títí á fi jókòó sílẹ̀. "Ìrìn mẹ́ta ni mo jí lónìí," ni Bàbá máa ń sọ bí wọ́n bá ń tú táì wọn. "Wọn ò sì mú mi."

Ẹ̀kọ́ òfin ni wọ́n bá lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n ń kà á lọ́wọ́ ni ọkùnrin kan wá sí ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ Áfíríkà ń gbé, ó ní òun ń wá ọkùnrin dúdú mẹ́wàá tó ga, fíìmù ni àwọn fẹ́ ṣe. Bàbá ga. Bí ọ̀rọ̀ òfin ṣe parí nìyẹn. Láti ìgbà náà, wọ́n ṣe fíìmù, wọ́n ṣe tẹlifíṣọ̀n, àmọ́ bí ẹ bá wo ìparí níbi tí wọ́n ti ń to orúkọ, ẹ óò rí orúkọ tiwọn ní ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹni tí wọ́n ṣe kò sì ní lórúkọ. Jagunjagun Kejì. Awakọ̀. Agbẹ́rù. Ọkùnrin Inú Bọ́ọ̀sì. Gbólóhùn tó gùn jù tí wọ́n fún wọn sọ rí ni "Mọ́tò ti dé, sà," Bàbá sì lè sọ ọ́ fún wa ní oríṣi mẹ́rìnlá: tìbínú tìbínú, tìfẹ́ tìfẹ́, bí ẹni tó ti ta mọ́tò náà. Mo bi wọ́n nígbà kan pé kí ló dé tí Jagunjagun Kejì ò lórúkọ. "Torí wọ́n fẹ́ pa á ni," ni wọ́n dá mi lóhùn. "Wọn ò sọ ọ́ lórúkọ kó má baà dùn wọ́n."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, èmi àti àwọn ọmọ tí a jọ ń gbé ní apartment ń ṣeré ọlọ́pàá àtolè lórí koríko. Wọ́n yìnbọn fún mi, mo ṣubú, mo na ọwọ́, mo na ẹsẹ̀, mo dijú. Ohùn Bàbá ni mo gbọ́ láti òkè. Wọ́n lóhùn, ohùn tí wọ́n kọ́ níbi iṣẹ́. "Dìde! Dìde níbẹ̀!" Nígbà tí mo lajú, wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán. Wọn ò tíì bá mi pariwo báyẹn rí. Wọ́n fà mí dìde, wọ́n gbọn koríko kúrò lára mi, wọ́n sì padà wọlé. Ẹ̀rù bà mí, inú sì bí mi, ojú tún tì mí lójú àwọn ọ̀rẹ́ mi. Mọ́mì ló wá sọ ìdí rẹ̀ fún mi lọ́jọ́ náà bí wọ́n ṣe ń di irun mi.

Ìyá tó bí Bàbá, aránṣọ ni wọ́n ní Òkè-Àdó. Nígbà tí fíìmù kìn-ín-ní tí Bàbá ṣe dé ilé sinimá ní Ìbàdàn, àwọn aládùúgbò wá sọ fún ìyá náà pé ọmọ wọn wà nínú rẹ̀. Ìyá rán aṣọ tuntun fún ara wọn, wọ́n kó àwọn ará ilé lẹ́yìn, wọ́n lọ jókòó níwájú pátápátá. Kò tíì pẹ́ tí fíìmù bẹ̀rẹ̀ tí ọmọ wọn jáde nínú awọ ẹkùn, òyìnbó kan sì yìnbọn fún un, ó ṣubú sódò, omi gbé e lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá dìde, tí wọ́n figbe ta. Kò sẹ́ni tó lè ṣàlàyé eré fún wọn lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé wọn délé, àwọn èèyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá, wọ́n ń kí wọn kú ara fẹ́ra kù, bẹ́ẹ̀ ọmọ wà láàyè ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń jẹ búrẹ́dì.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni lẹ́tà Bàbá tó dé pé àwọn ò kú. Ṣé ẹ mọ̀ pé lọ́dọ̀ wa òbí kì í rí òkú ọmọ. Bí ọmọ bá tilẹ̀ kú, a kì í jẹ́ kí bàbá tàbí ìyá débi tí wọ́n ti ń sin ín. Ìyá yìí ti rí tiwọn pẹ̀lú ojú ara wọn, lójú gbogbo àdúgbò, lára ògiri funfun gbàràmù-gbaramu. Wọ́n ní kí akọ̀wé kan bá wọn kọ èsì, Mọ́mì sì mọ èsì náà sórí, torí Bàbá máa ń kà á fún wọn nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. "Àkànní, wọ́n ti ṣàlàyé fún mi, mo mọ̀ pé eré ni. Ṣùgbọ́n mo ti sunkún rẹ tán. Má jẹ̀ẹ́ kí n sun ún lẹ́ẹ̀kejì."

Bàbá kọ̀wé padà, wọ́n ṣèlérí. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni bá pè wọ́n sí iṣẹ́, ìbéèrè kan ṣoṣo ni wọ́n ń béèrè: ṣé ẹni tí ẹ fẹ́ kí n ṣe yìí máa kú? Bí wọ́n bá ti ní bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá á dé àkẹtẹ̀ wọn, ó tán. Àwọn tí ò ní ìlérí tí wọ́n ń pa mọ́ ń kú kiri, wọ́n ń ríṣẹ́ ṣe, Bàbá sì di Ọkùnrin Inú Bọ́ọ̀sì. Ìyá àgbà mi ló ń gbọ́ bùkátà, nínú kíṣìnì ọsibítù kan. Mi ò gbọ́ pé wọ́n ráhùn rí, ṣùgbọ́n mo rò pé wọ́n á ti ráhùn. Èmi ì bá ráhùn.

Ní Houston, àwọn tó kọ́kọ́ fojú rí ìlérí yìí ni àwọn ará ìjọ wa. Ìjọ Aládùúrà ni wá, a sì ń lo gbọ̀ngàn kan tí a háyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù táyà. Wòlíì wa pinnu pé a máa ṣe eré Lásárù lọ́jọ́ Àjíǹde, ó sì dá a lójú pé ẹni tó ti ṣe fíìmù ní Lọ́ńdọ̀nù ló yẹ kó ṣe Lásárù. Bàbá dúpẹ́, wọ́n kọ̀. Wòlíì ní, "Bàbá, ẹ ò kàn ní pẹ́ nínú ibojì, ẹ̀ẹ́ jí dìde, glory á sì tẹ̀lé e." Bàbá ní kí wọ́n fi ẹlòmíì sínú ibojì ná. "Tó bá ti jí, kí ẹ wá pè mí," ni wọ́n wí. Níkẹyìn wọ́n gbà láti ṣe ọkùnrin tó yí òkúta kúrò lẹ́nu ibojì, ẹni tí Bíbélì ò tilẹ̀ dárúkọ. Páálí ni òkúta náà. Bàbá tì í bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn, wọ́n dúró, wọ́n gbọ́ òórùn, wọ́n fi ọwọ́ bo imú, wọ́n tún padà tì í nítorí pé wọ́n ti rán wọn níṣẹ́. Nígbà tí Lásárù fi máa jáde, kò sẹ́ni tó ń wò ó mọ́. Ìyá Ìjọ, obìnrin tó dàgbà jù láàárín wa, tó jẹ́ pé Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n gbọ́ kò ju good morning lọ, pàtẹ́wọ́ títí dé ilé.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Mìs Carol jókòó lẹ́yìn lọ́jọ́ náà. Ọ̀rẹ́ Mọ́mì kan níbi iṣẹ́ ló mú un wá. Fíìmù tẹlifíṣọ̀n ló fẹ́ ṣe ní Houston, ó sì ń wá àgbàlagbà aláwọ̀ dúdú kan. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó fi ìwé eré ránṣẹ́ sí wa. Ọmọdébìnrin kan tó ń jẹ́ Annie kó wá sí Clear Lake, lẹ́bàá Houston, pẹ̀lú bàbá rẹ̀ tó jẹ́ ẹnjiníà, kò ní ọ̀rẹ́, tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó wá láti Áfíríkà, sì ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Tíṣà yìí lórúkọ. Mr. Joseph ni. Ó ní ilé, ó ní àwọn ìwé, ó ní ọgbà tó gbin ata sí. Bàbá ka àwọn gbólóhùn rẹ̀, wọ́n jẹ́ mọ́kànlélógójì. Wọ́n ní kí èmi náà bá àwọn kà wọ́n kó má baà jẹ́ pé ojú ń tan àwọn jẹ. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni mí, mo kà wọ́n lẹ́ẹ̀mẹta, n ò sì tíì rí inú bàbá àgbà mi kó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Wọ́n ka ìwé náà sókè lórí àga wọn lẹ́bàá fèrèsé, wọ́n ń ṣe Mr. Joseph, wọ́n ń ṣe Annie, wọ́n ń ṣe ajá pàápàá. Nígbà tí wọ́n dé ojú ewé tó gbẹ̀yìn, wọ́n pa ìwé náà dé. Wọ́n dìde, wọ́n gbé ìwé náà sórí fíríìjì, wọ́n lọ dáná tíì. Mo fa àga, mo gùn ún, mo wò ó. Mr. Joseph wà lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Annie di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó kú.

Wàhálà ọjọ́ mẹ́rin ló tẹ̀lé e. Àsìkò náà, iṣẹ́ epo ti rọ̀ ní Houston, iléeṣẹ́ ní La Porte ti ní kí Dádì máa lọ sílé ná, wọ́n sì ti ń jókòó sílé láti oṣù mélòó kan, ojú wọn le. "Bàbá, it's just a movie now," ni wọ́n wí. "Ẹ̀ẹ́ sùn, ẹ̀ẹ́ dijú, wọ́n á ní cut, ẹ̀ẹ́ dìde, ẹ̀ẹ́ jẹ sandwich."

"Mo mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é," ni Bàbá dáhùn. "Mo ti kú rí."

"Ẹ̀ẹ́ wá jẹ́ kí irú èyí lọ? At your age? Ṣé ẹ rò pé òmíì ń bọ̀ ni?"

Mọ́mì ní kí Dádì fi Bàbá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ojú Mọ́mì ò kúrò lára ìwé orí fíríìjì náà. Gbogbo ìgbà ọmọdé wọn ni wọ́n fi ń wá bàbá wọn lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní bí èèyàn bá sín, ó ti pàdánù wọn.

Ní ọjọ́ kẹrin, nídìí oúnjẹ, Bàbá ní àwọn máa pe Mìs Carol lọ́la láti sọ fún un pé àwọn ò ṣe. Mo ti sọ fún gbogbo kíláàsì mi. Mo fẹ́ kí wọ́n rí ibi tí orúkọ mi ti wá. Nǹkan kan sì tún wà tí mo mọ̀, tó dá mi lójú pé kò sẹ́ni tó rántí sọ ọ́. Mo fi tábìlì sílẹ̀, mo dìde, mo sì sọ ọ́ ní Yorùbá kí Bàbá lè mọ̀ pé láti inú ọkàn mi ni.

"Ìyá ẹ ti kú!" ni mo wí. "Ìyá ẹ ti kú tipẹ́! Ta ló máa sunkún?"

Ṣíbí bọ́ lọ́wọ́ Mọ́mì. Dádì ní, "Jésù!"

"Kí lo wí?" Mọ́mì ti dìde. "Ìyá ta? Bàbá lò ń bú ní ìyá ẹ? Nínú ilé yìí?"

"Mo ní ẹ!" Ẹkún ti gbà mí. "I said ẹ! Ẹ ni respect! Ẹ káàárọ̀, ẹ jókòó, ẹ wá jẹun! You said always use ẹ for Bàbá!"

Ẹni tó bá gbọ́ Yorùbá á ti mọ ohun tí mo ṣe. Wọ́n ti fi "ẹ" kọ́ mi bí ìgbà tí èèyàn ń fi oògùn fún ọmọ, mo sì ti ń lò ó níbi gbogbo, láìmọ̀ pé bí ó bá ti bọ́ sẹ́yìn "ìyá," ẹnu àwọn tó ń jà lójú pópó ló ń gbé, pé "ìyá yín" ló yẹ kí n sọ. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wo ọwọ́ Mọ́mì tó ti gbéra.

Ẹ̀rín Bàbá ló dá ọwọ́ náà dúró. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi gbé orí lé tábìlì, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú wọn, Dádì náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìfẹ́. "Ẹ fi í sílẹ̀," ni Bàbá wí nígbà tí wọ́n rí èémí. "Ọmọ yìí bú mi ní ìyá kó lè bọ̀wọ̀ fún mi. Kò mọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó ṣàlàyé fún un."

Mo rí i tí ojú wọn yí padà. Wọ́n nu ojú pẹ̀lú nápíkìn, wọ́n ní, "Èmi náà ò ṣàlàyé fún ẹnikẹ́ni rí. Láti Lọ́ńdọ̀nù títí dé ibí. Mo kàn ń béèrè pé ṣé ó máa kú, wọ́n á ní bẹ́ẹ̀ ni, màá dé àkẹtẹ̀ mi. Inú ń bí mi sí wọn bí ẹni pé wọ́n mọ̀. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ mọ̀?" Wọ́n wò mí. "Jọkẹ́, bá mi gbé ìwé yẹn sọ̀ kalẹ̀."

Lọ́jọ́ tí Bàbá lọ bá Mìs Carol, iléèwé wà ní ìsinmi, nítorí náà mo tẹ̀ lé wọn. Ọ́fíìsì Mìs Carol wà ní Uptown, nínú ilé gíga onígíláàsì kan. Bàbá wọ kóòtù Sátidé. Wọ́n sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ìyá aránṣọ, ilé sinimá, aṣọ tuntun, omi tó gbé ọmọ lọ, lẹ́tà. Wọn ò ṣe é bí eré, ohùn wọn ò tilẹ̀ ròkè. Mìs Carol gbọ́ ọ dáadáa, ó sì ní ó dun òun, ṣùgbọ́n ọmọ inú ìtàn náà gbọ́dọ̀ pàdánù ọ̀rẹ́ rẹ̀. Bí kò bá pàdánù rẹ̀, kò sí ìtàn.

"Kó pàdánù mi," ni Bàbá dáhùn. "Mi ò ní kó má pàdánù mi. Kó má rí òkú mi ni mo wí. Lédè wa, bí àgbà bá kú, a kì í sọ pé ó kú. A máa ń sọ pé ó ti relé." Wọ́n ní àwọn lè fi hàn án.

Wọ́n jókòó sórí àga kan, wọ́n sì di arúgbó ju bí wọ́n ṣe rí lọ. Wọ́n pa ìwé ìròyìn tó wà níbẹ̀ pọ̀ dáadáa. Wọ́n dìde díẹ̀díẹ̀, wọ́n dé àkẹtẹ̀ wọn, wọ́n fọwọ́ kan ẹ̀yìn àga náà bí ẹni tó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n wá wò mí. "Ọmọ mi," ni wọ́n wí ní Yorùbá, "mo ń relé o." Wọ́n rìn jáde, wọ́n ti ilẹ̀kùn jẹ́jẹ́.

A ń retí kí wọ́n padà wọlé. Wọn ò padà. Mo mọ̀ pé nínú kọ́rídọ̀ ni wọ́n wà, ibo ni wọ́n fẹ́ gbà lọ? Ṣùgbọ́n ìrìn tí wọ́n rìn yẹn, kì í ṣe ìrìn ẹni tó ń bọ̀. Omijé bọ́ lójú mi láìmọ̀. Mìs Carol ń wo ilẹ̀kùn. Ó bi mí pé níbo ni wọ́n lọ. Nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn, Bàbá wà nídìí ẹlifétọ̀, wọ́n ń bá ọkùnrin kan tó ń nu ilẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa bàtà.

Mìs Carol ò ní agbára láti dá a pinnu. Àwọn tó fẹ́ gbé fíìmù náà jáde fẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n fẹ́ ọmọ tó ń sunkún lórí òkú, wọ́n sì ní ọkùnrin méjì mìíràn lọ́kàn tó ṣe tán láti kú bí wọ́n bá ṣe fẹ́. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi dúró. Bàbá gbé ìwé eré padà sórí fíríìjì, wọn ò fọwọ́ kàn án. Dádì, tó ti ń bá wọn jà, ló wá di ẹni tó ń sáré gbé fóònù. Nígbà tó dún lọ́jọ́ kẹsàn-án, Dádì gbọ́ ohùn Mìs Carol, wọ́n na fóònù sí Bàbá, wọ́n sì kúnlẹ̀ sílẹ̀ láàárín pálọ̀ bí ẹni tó ń ṣọ́ bọ́ọ̀lù tí wọ́n fẹ́ gbá wọlé. Bàbá tẹ́tí sílẹ̀, wọ́n mi orí, wọ́n dúpẹ́. Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀. "Ó ní kí n mú àkẹtẹ̀ tèmi wá," ni wọ́n wí.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni tẹlifíṣọ̀n gbé fíìmù náà. Láti ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo ará ìjọ ti tẹ̀ lé wa wálé, pẹ̀lú sùtánà funfun lọ́rùn. Wòlíì jókòó sílẹ̀. Wọ́n fún Ìyá Ìjọ ní àga tó dára jù, Bàbá sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn lórí àga kíṣìnì. Bí Bàbá bá ti jáde lójú tẹlifíṣọ̀n, ariwo á sọ, Mọ́mì á sì ní kí gbogbo ayé dákẹ́. Mr. Joseph kọ́ Annie bí wọ́n ṣe ń gbin ata. Mr. Joseph bá bàbá Annie jà. Mọ́mì ò bẹ̀rù àtisín mọ́, wọ́n sín lẹ́ẹ̀mejì, bàbá wọn sì ṣì wà níbẹ̀. Ìyá Ìjọ kàn ń wò ó, wọn ò gbọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni ń sọ.

Ó wá dé ibi tí Mr. Joseph pa ìwé ìròyìn rẹ̀ pọ̀. Mo wo Mọ́mì, mo rí i pé wọ́n ti di apá àga mú. Mr. Joseph dé àkẹtẹ̀, ó fọwọ́ kan ẹ̀yìn àga, ó wo ọmọ náà. Ó sọ ọ́ ní Yorùbá, lórí tẹlifíṣọ̀n àwọn ará Amẹ́ríkà. "Ọmọ mi, mo ń relé o." Ó ṣílẹ̀kùn, ó bọ́ sínú oòrùn.

Gbólóhùn kan ṣoṣo tí Ìyá Ìjọ gbọ́ nínú gbogbo fíìmù náà nìyẹn. Wọ́n nà síwájú lórí àga, wọ́n gbé ọwọ́ sókè sí ẹ̀yìn ọkùnrin tó ń lọ. "Ẹ bá wa kí wọn nílé o, Bàbá," ni wọ́n wí.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé ẹ̀gbẹ́ wọn ni Bàbá wà. Bàbá ń wo ilẹ̀kùn tó ti pa dé lójú tẹlifíṣọ̀n náà, ojú wọn mọ́ gaara.

"Wọ́n á gbọ́," ni wọ́n dáhùn. "Ìyá mi á gbọ́."